Òrí tí Ìyá Ìfọ́n fi pa eyín

Eyín ni Ṣọlápé ọmọ Ìlobù ń ṣe jẹun. Láràárọ̀ ló ń wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, níbi tó ti ń bá àwọn dókítà ṣe eyín àtọwọ́dá. Ó ṣe fún olówó, ó ṣe fún tálákà. Ìyá tó bí i nìkan ni kò rí ṣe fún. Ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ikú ò dúró de oṣù.

Ìdí nìyí tí kò fi fi eyín Mọ́ríátù ṣeré. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni, Ìyá Ìfọ́n ni wọ́n ń pè é. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé, ó sì ti búra:

"Bí mi ò bá ní eyín, mi ò lọ. Hàfúsátù orogún mi á ní ẹnu mi ti di fèrèsé."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tẹ̀ lé Ṣọlápé lọ síbi iṣẹ́. Rọ́bà líle kan ni wọ́n fi ṣe ìdí eyín náà. Ó lágbára bí egungun, àmọ́ ó ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, nǹkan kan kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣọlápé kán ásíìdì sí i, ó kà dé ọgọ́ta, ó fi omi ṣàn án. Ojú rẹ̀ wá rí ṣákiṣàki. Ó ku kó fi gọ́ọ̀mù lẹ eyín funfun lé e. Ni iná bá lọ. Ó jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ó wọlé, ó parí iṣẹ́. Ìyá ki eyín bọ ẹnu, ó gé àgbàdo sísun jẹ. Pọ́ú! Eyín funfun já, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì.

Ṣọlápé fọwọ́ kan rọ́bà náà. Ó ń yọ̀.

"Ìyá, ta ló fi òróró kan eyín yìí?"

"Òrí inú báàgì mi ni, kì í ṣe òróró. Èmi ni. Ó rí ṣákiṣàki bí ẹsẹ̀ Hàfúsátù. Mo ní ọmọdé ò mọ nǹkan tọ́jú."

"Háà! Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ o! Kí gọ́ọ̀mù lè ríbi dì mú ni."

Ìyá gba rọ́bà náà wò. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣá ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá."

"O ò wá tètè sọ pé ògiri lò ń mọ sí mi lẹ́nu!"

Ṣọlápé rẹ́rìn-ín títí. Ó fọ òrí kúrò, ó tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gba báàgì ìyá, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Ìyá tún gé àgbàdo. Eyín ò mì. Ó gé e lẹ́ẹ̀kejì.

"Ti àkọ́kọ́ tí mo gé, tèmi ni," ó ní. "Èyí, ti ìyá ẹ ni."

Ṣọlápé fọwọ́ nu ojú, ó ní òun ń lọ pa jẹnẹrétọ̀. Iná ò sì tíì dé.