Orúkọ Ilé Ọkọ Mi Lójú Ọ̀run

Ọmọbìnrin nìkan ni bàbá mi tó wà n'Ìbàdàn bí. Àwọn ẹbí máa ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé tó bá ti kú, orúkọ rẹ̀ parẹ́ nìyẹn. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á pè wá síta, á máa fi ìràwọ̀ hàn wá.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí ìràwọ̀ onírù kan tí ẹnì kankan ò tíì rí rí, òun ni mo kọ́kọ́ rántí. Inú ilé ìdáná wa ní Balbriggan, nílẹ̀ Ireland, ni mo ti rí i, nínú àwọn fọ́tò ojú ọ̀run tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo fi orúkọ ìdílé bàbá mi sí i, torí orúkọ ìdílé ẹni tó bá rí i ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́. Wọ́n wo ọ̀nà tó ń gbà, wọ́n ní ó ń kọjá lọ ni, kò ní padà wá mọ́.

Ímeèlì kan náà ni èmi àti ọkọ mi jọ ń lò. Ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè bóyá orúkọ náà tọ̀nà, mo wà níbi iṣẹ́ ní Citywest. Ọkọ mi bá mi dá wọn lóhùn. Ó ní orúkọ ilé bàbá mi nìyẹn, pé mo ti lọ́kọ, ó wá fún wọn ní tirẹ̀. Ọkùnrin tí kì í gbójú sókè àfi tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀.

Mo bá a jà. Ó ní ṣé mo ti kọ òun sílẹ̀ ni.

"Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ," ló wí. "Ilé ta lo wà?"

Ọmọ wa obìnrin gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀: "It's grand, Mam. Same family, like."

Grand kẹ̀? Kí ló dáa níbẹ̀? Mo kọ̀wé pé kí wọ́n yí i padà. Wọ́n ní àwọn ti kéde orúkọ náà, kò ṣeé yí mọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Àwọn àna mi ń pè é láti Ọ̀yọ́ pé orúkọ àwọn ti dójú ọ̀run, òun náà ń dáhùn pé Ọlọ́run ló ṣe é. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun pẹ̀lú ẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí bàbá mi gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ti sọ fún un pé mo rí nǹkan. Ó pè mí, ó béèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

"Orúkọ ilé ọkọ mi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Bá mi kí ọkọ ẹ. Sọ fún un pé mo ní ó kú oríire."

Mi ò jíṣẹ́ náà. Mi ò sì ní jẹ́ ẹ.