Àkísà Tútù Lórí Ẹ́ńjìnnì Tuntun

Ọpẹ́ ni kí n kọ́kọ́ dá kí n tó sọ ohunkóhun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún èémí tó wà nínú ìyá mi ní àárọ̀ yìí, àti fún ohùn rẹ̀ tí mo ń gbọ́ bó ṣe ń lé adìyẹ jáde ní yàrá kejì. Ẹni tó bá mọ ohun tójú wa rí lórí òkè tó wà láàárín Ògìdì àti Kàbà yóò mọ̀ pé ọpẹ́ mi kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Bàbá mi ló ni píkọ́ọ̀pù tí mo kọ́kọ́ wà. Iṣu ló fi ń kó láti oko wá sí ọjà. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá rí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káábúrétọ̀ ló ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, bí ẹni ń po ògì láìwọn omi, nígbà míì á ki, nígbà míì á ṣàn. Ó sì ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣínu. Ṣùgbọ́n epo yòówù kí o rọ sí i, ìbáà jẹ́ èyí tó dọ̀tí, kò ní bá ọ jà.

Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo awakọ̀ ọ̀nà wa mọ̀. Bí ooru bá mú un lórí òkè, epo inú pọ́ǹpù ara ẹ́ńjìnnì á hó, á di oru, kò ní lè ṣàn mọ́, ọkọ̀ á sì kú. Nítorí náà ni gbogbo wọn ṣe máa ń dúró létí odò kékeré tó wà ní ẹsẹ̀ òkè. Wọn á ti àkísà bọ omi, wọn á fi wé pọ́ǹpù náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Bàbá mi kì í gun òkè yẹn láìṣe é, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í jẹun láìgbàdúrà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, mo ra píkọ́ọ̀pù mìíràn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ìgbàlódé. Mẹkáníìkì mi ní Kàbà wọ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan tó ti tú sílẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fi méjèèjì hàn mí bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní.

“Tíṣà, ẹ wo ti àtijọ́ yìí. Kọ́ìlì kan ló ń fún gbogbo púlọ́ọ̀gì níná, wáyà gígùn ló ń pín in kiri. Ti yín, sílíńdà mẹ́rin, kọ́ìlì mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sínú ihò, lórí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Ẹ má wá káábúrétọ̀, kò sí. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo, tó ń fọ́n ìwọ̀n tó yẹ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan.”

“Pọ́ǹpù rẹ̀ wá dà?”

“Inú táǹkì ló wà, nínú epo gan-an. Ooru ẹ́ńjìnnì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

“Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá wá ṣìṣe ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọlọ́run tí ẹ kò rí, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ kàn hàn yín lẹ wá ń bẹ̀rù!”

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kò lọ. Ọkọ̀ bàbá mi máa ń ráhùn kó tó dákú. Èyí kì í ráhùn. Ó kàn dákẹ́ bí ẹni tó ń bínú, èmi náà á sì máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà, bóyá iná yẹ́lò kan á tàn.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ògìdì pé Màmá kò lè mí dáadáa mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá mi ti wú, àyà rẹ̀ ń dún bí ewé gbígbẹ.

“Okun o, Màmá,” ni mo kí i, bí a ti ń kí ara wa nílé.

“Okun,” ló dáhùn. Èémí kò jẹ́ kó fi nǹkan kan kún un.

A gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn, àbúrò mi gbá a mú. Ó di báàgì ọ̀rá kan mọ́ àyà, kò jẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kọrí sí ilé ìwòsàn ní Kàbà.

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè, àyà mi já. Bí ọkọ̀ bá kú lórí òkè pẹ̀lú ìyá mi nínú rẹ̀ ńkọ́? Mo dúró létí odò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún dúró ṣe?”

“N kò ní pẹ́.”

Mo ti àkísà bọ omi, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń wá pọ́ǹpù. Mo mọ̀ pé inú táǹkì ló wà, wọ́n ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé. Mo tẹ́ àkísà náà sórí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ooru ti pọ̀ jù, mo tún bu omi díẹ̀ sí i. Ọkàn mi wá balẹ̀.

A kò tíì gùn ún dé ìdajì tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Iná yẹ́lò ń ṣẹ́jú. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó kú.

“Jésù!” ni àbúrò mi kígbe.

Mo pe mẹkáníìkì.

“Tíṣà, kí lẹ ṣe sí i?”

“Kò sí o. Òkè ni.”

“Òkè kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ da omi sí i ni?”

Mo wo bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Tíṣà!”

“Àkísà kékeré kan ni.”

“Yéè! Ẹ ti wẹ̀ fún un nìyẹn! Omi ti wọ ihò kọ́ìlì, iná kò dé púlọ́ọ̀gì dáadáa mọ́. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fi sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá tú kọ́ìlì, ẹ fà á sókè ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ fi aṣọ gbẹ inú ihò. Aṣọ gbígbẹ o!”

Sípánà wà. Aṣọ gbígbẹ kò sí. Àkísà ń kán, ẹ̀wù mi sì ti tutù fún òógùn. Àbúrò mi kò lè fi Màmá sílẹ̀ kó tú ìborùn rẹ̀. Ìyá mi ló na báàgì ọ̀rá náà sí mi.

Aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ló wà nínú rẹ̀, òwú funfun tó nípọn, èyí tó ti ń sọ láti ọdún mélòó kan pé òun ni kí a fi sin òun. Ó ti gbé e dání lọ sílé ìwòsàn.

“Màmá, rárá o,” ni àbúrò mi wí, ó ń sunkún.

“Bí mo bá kú sórí òkè yìí,” ni ìyá mi sọ, ó ń mí láàárín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, “ṣé aṣọ ló máa gbé mi sọ̀kalẹ̀? Gbà.”

Mo gbà á. Mo tú kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi wà nínú ihò méjì. Mo lọ́ igun aṣọ náà bí òwú àtùpà, mo ń tì í bọ inú ihò, mo ń fà á jáde, àdúrà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: Olúwa, ṣàánú. Òwú yẹn mu omi ju bí mo ti rò lọ. Mo dè wọ́n padà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ̀n, ó tún gbọ̀n. Nígbà kẹta, ó dún ketekete.

Dókítà sọ pé omi ló ti kún ẹ̀dọ̀fóró Màmá, pé ká ní a pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹ̀pa kì bá tí bóró mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àbúrò mi fọ aṣọ náà títí, ọ́ìlì dúdú kò kúrò ní igun rẹ̀.

“Ẹ ti bà á jẹ́,” ni Màmá wí. “Ó di ìgbà tí mo bá hun òmíràn kí n tó kú.”

Ó sì ti ran òwú. Ó ń hun ún díẹ̀díẹ̀, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yára. Títí di òní, bí mo bá dé etí odò yẹn, ẹsẹ̀ mi á wá búréèkì fúnra rẹ̀. Mo máa ń kọjá, mo ń gbàdúrà.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ di ohun tí yóò dá ọ dúró lójú ọ̀nà. Kí ó fi ẹni tí yóò na aṣọ gbígbẹ sí ọ sí ẹ̀yìn rẹ, kí ẹni náà sì pẹ́ fún ọ. Àmín.