Bàbá Lẹ́sẹẹsẹ, Ẹni Tó Ń Kọ́ Àwọn Atakáàdì Ní Ìwà

Gbogbo ẹni tó bá mọ Bàbá Lẹ́sẹẹsẹ ló mọ ìtàn ọlọ́ba méjì. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti mọ bàbá náà jù, ní gbàgede kan tí àwọn tó ń ta káàdì pókà ti máa ń béèrè ọgbọ́n eré lọ́wọ́ ara wọn. Òun ló sọ ara rẹ̀ di ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan já wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ọba méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?"

"Ta lo kí nígbà tó o wọlé?" ni Bàbá kọ sí i.

Ọkùnrin náà kí wọn. Bàbá bi í níbi tó jókòó sí. Ó bi í ní iye ẹni tó kù nídìí tábìlì, ó bi í ní irú ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, bóyá onígboyà ni àbí ẹni tó máa ń lúgọ. Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún. Ọkùnrin náà ń làágùn, ó ń dáhùn. Bàbá wá bi í ní ìkejìdínlógún pé, "Ṣé eré náà ti parí?"

"Rárá o, Bàbá. Èmi ni wọ́n ń dúró dè."

"Mi ò lè dá ọ lóhùn nígbà náà. Ẹni tí káàdì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ ará ìta, ìwà olè ni. Parí rẹ̀ ná, kó o padà wá."

Ó padà wá lóòótọ́, ó sì kí wọn dáadáa. Ó ní òun ti jẹ. Ìdúró ti sú gbogbo àwọn tó kù, wọ́n da káàdì sílẹ̀, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Aago ògiri ni bàbá yìí ń tún ṣe, àmọ́ aago ní ìsinmi jù ú lọ. Láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ojú fèrèsé, fóònù lọ́wọ́, sálúbàtà ń pariwo nílẹ̀. Ìdúró ló ti ń jẹun. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ nídìí fèrèsé yẹn, a máa sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, òòyì ti ń kọ́ mi."

"Mò ń bọ̀. Mò ń kọ́ ẹnì kan ní sùúrù lọ́wọ́ ni."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ kì í yí i padà. Kí ará ilé. Wo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì ti béèrè é rí. Tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kó o sì dúró kó o tó dé ìparí, torí tó o bá ti sọ ìparí, gbogbo òpè ló máa di ọlọ́gbọ́n. Má bá ẹni tó dá ọ lóhùn jiyàn. Má sì wá sunkún síbẹ̀. Ẹnì kan sunkún níjọ́ kan pé káàdì kórìíra òun. Bàbá ní, "Káàdì ò mọ̀ ọ́ rí."

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí i tó jókòó ta á. Ìyá ìyàwó rẹ̀, tí kò mọ ọba yàtọ̀ sí ayaba, ló jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ tónítóní. Títí bàbá fi dákẹ́, ohun tó ń sọ ni pé ìyá náà ò ta á lẹ́sẹẹsẹ.

Òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé, nínú ilé alájà mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé bàbá ti ń dúró láàárín àtẹ̀gùn, tó ń ṣe bí ẹni ń ka fóònù. Nígbà tó yá, ó di ẹ̀ẹ̀mejì kó tó gòkè. Nígbà tó tún yá, sálúbàtà ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù. Àbí ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"O ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí," ni bàbá wí, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni bàbá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Oorun ò kun obìnrin náà mọ́, iṣẹ́ ò wù ú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin sí ìgbà tó sọ ọ́ kẹ́yìn, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú fóònù tirẹ̀, ó wọ gbàgede náà, ó pe ara rẹ̀ ní Àlejò. Ìkánjú ò jẹ́ kó kí wọn.

"Ta lo kí?" ni bàbá kọ láti yàrá kejì. Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà fi ẹnu dá a lóhùn.

Ó kí wọn. Ó wá tò ó: "Ọkùnrin kan jókòó sídìí tábìlì. Ike pélébé tó fi ń ta á bí owó pọ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ń dín. Kì í wo iye tó kù. Ẹni tó jókòó tì í ń rí i, ó ń sọ fún un, kò gbọ́. Kí ló yẹ kó ṣe?"

Sálúbàtà dúró. Ó tún rìn.

"Láti ìgbà wo ló ti ń dín?"

"Ó tó oṣù mẹ́rin. Ó sì ń yára sí i."

"Ẹni tó jókòó tì í yẹn, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀?"

"Tí ọkùnrin náà bá dìde lọ, kò ní rí ẹni bá ṣeré mọ́."

Èsì Bàbá wọlé: "Kó da káàdì sílẹ̀. Kó ka ohun tó kù lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kó sì gbọ́ ti ẹni tó jókòó tì í."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Àlejò kọ. "Bàtà yín ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Bàbá yọjú láti yàrá, ojú rẹ̀ ń wá ibi tó máa wò. "O ò sọ iye ẹni tó wà nídìí tábìlì."

"Àwa méjì ni."

Ó wọ bàtà.

Lọ́sibítù, dókítà ní, "Bàbá, ọkàn yín..." Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Dókítà, ẹ tò ó lẹ́sẹẹsẹ." Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi tò ó. Kí wọ́n tó jáde, àwọn aláìsàn tó ń dúró níta ti mọ ọkàn bàbá ju àìsàn tó gbé àwọn fúnra wọn wá lọ.

Oògùn tí wọ́n fún un fi ọdún mẹ́fà kún ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló kéde fún àwọn ará gbàgede. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí i. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó ti pẹ́ níbẹ̀ bíi bàbá, kọ̀wé sí ìyàwó Bàbá nìkan.

"Ìyá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Lọ́dún tí Bàbá lọ ọsibítù, ó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi kó tó lọ. Ó ní ìyàwó òun ń pe òun síbẹ̀, àyà òun ń já. Òun ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa gbà kí ojú má ti òun."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kó dúró, pé ẹ máa tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kò dá òun lójú. Ó ní bóyá òun ti sú yín."

Obìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀ lórí aṣọ tó ń rán. Ó tún gbé e. Ó dìde, ó jókòó. Ó wá orúkọ ọkọ rẹ̀ rí ní gbàgede náà, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ ò sú mi rí," ó sì fi ránṣẹ́.