Ṣọ́ọ̀kì Inú Àpò Ọ̀gá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ni ọ̀gá wa kéde pé tí bẹ́ǹṣì tí ilé-ìwé kan ní ká kàn fún wọn kò bá tíì parí ní ọjọ́ Ẹtì, òun máa lé ọlọ́dà. Ọlọ́dà ni ọkùnrin tó ń fín ọ̀dà sára àga àti tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìgàndò. Ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹ̀rí ọ̀gá ni pé iwájú rẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń ṣù jọ sí.

Èmi ni wọ́n gbà láti máa bójú tó bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Tí omi bá dúró síwájú ilé ẹnìkan ní Ìkòtún, a kì í sọ pé onílé ló tọ̀ ọ́. À á wá ibi tí gọ́tà ti dí. Mo fa àpótí, mo jókòó, mo ń wòran.

Káfíńtà wa ní, "Gírádúéètì, ṣé ìjókòó yìí ni wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́dọ̀ wa, bẹ́ǹṣì kan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ káfíńtà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́dà àyàfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ pa á, tó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló wà, àpò ọ̀gá ló ń gbé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í gbé ṣọ́ọ̀bù. Á lọ wo pákó ní Dópèmú, á yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Command. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á sàmì sí gbogbo bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á ya lu ọlọ́dà. Ọ̀dà tí a fín nírọ̀lẹ́ ìgbà òjò kì í tètè gbẹ. Láàárọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́, ọ̀gá á bú ọlọ́dà.

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọlọ́dà kì í ṣe ọ̀lẹ. A kàn kò tíì gbé iṣẹ́ fún un rí lásìkò tí ọ̀lẹ rẹ̀ á fi hàn ni.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yẹn sílẹ̀ fún káfíńtà lónìí."

"Kí n yọ ojú mi náà sílẹ̀ fún un, àbí?"

"Ṣọ́ọ̀kì nìkan ti tó, sà."

Káfíńtà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Bóyá torí pé ilé-ìwé ti ń pè é láti àárọ̀ ni, n kò mọ̀, ọ̀gá ju ṣọ́ọ̀kì sí mi lẹ́sẹ̀. "Tí ọ̀kan bá wọ́ nínú wọn, ìwọ àti ọlọ́dà lẹ jọ ń lọ."

Lọ́jọ́ náà, bí káfíńtà bá ṣe ń parí bẹ́ǹṣì ló ń sàmì sí i, ọlọ́dà á gbà á, oòrùn á sì gbẹ ẹ́. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, kò sí nǹkan kan níwájú ọlọ́dà mọ́. Ó bọ́ ìbomú, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀gá wọlé.

"Ẹ wá wò ó. Ẹ ní mo ń parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀pà ló ń jẹ."

Ọlọ́dà ní, "Iṣẹ́ ló tán lọ́wọ́ mi, sà."

"Kí ló dé tí kì í tán tẹ́lẹ̀?"

Ọ̀gá tẹ bẹ́ǹṣì kan, ọ̀dà kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tẹ òmíràn. Ó wá ní ìbáwí dára jàre, pé láti ìgbà tí òun ti halẹ̀ mọ́ ọlọ́dà ni ara rẹ̀ ti yá. N kò jà á níyàn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ kó bẹ́ǹṣì lọ sí ilé-ìwé náà ní Ègàn. Wọ́n ní inú wọn dùn. N kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé, ọlọ́dà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fín bẹ́ẹ̀dì.