Tòlótòló Ìyá Onílé

Láyé ìgbà tí ilé tó ní fóònù ṣì ń jẹ́ ilé olówó, mo ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Sùúrùlérè, ní ilé-ìwé kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà. Òwúrọ̀ wà fún Gẹ̀ẹ́sì. Tí àwọn ọmọ bá ti jẹ ìpápánu tán, á wá kan lẹ́tà Yorùbá, èyí tó jẹ́ tèmi. Mi ò sì gbà pé ó yẹ kí ọmọ kékeré jókòó kó máa wo pátákó bí ẹni tó ń retí dókítà.

Nítorí náà, mo fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ẹranko tirẹ̀. Tó bá kan L, a ó na apá bíi labalábá, a ó máa fò yí àga ká. Tó bá kan M, gbogbo wa á di màlúù, a ó máa rìn jẹ́jẹ́, a ó máa ké “mùú”. Ẹnu wọn á ti mọ ìró lẹ́tà náà kí ọwọ́ wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ni ilé-ìwé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Àǹtí, ṣé ilé-ìwé la wà ni àbí ọgbà ẹranko?” Èmi náà á ní, “Méjèèjì ni, Mà.”

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó yadi o. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sọ fún mi pé nílé, ńṣe ló ń rojọ́ bíi lọ́yà. Àmọ́ tó bá ti wọ géètì wa báyìí, ẹnu pa dé. Á fò bíi labalábá, á rìn bíi màlúù, ohùn kankan ò ní jáde. Ọ̀gá wa wá sọ fún ìyá rẹ̀ lójú mi pé tí ọmọ náà ò bá lè pe lẹ́tà kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìparí táàmù, kí wọ́n mú un lọ síbòmíì, torí òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tí kì í dáhùn.  Ìyá náà kàn ń tún kọ́là aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kọ́là náà ò sì wọ́. Inú bí mi gan-an. Ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ni wọ́n ń fún ní gbèdéke bí ayálégbé!

Nílé tí mo ń gbé, ìyá onílé wa, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kì í fi Kérésì ṣeré, ti ra akọ tòlótòló kan sílẹ̀. Ó so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò, ó ń fi àgbàdo bọ́ ọ kó lè sanra dọjọ́ ọdún. Ẹni tó bá dàgbà sí Èkó mọ eré tí àwọn ọmọdé ń bá tòlótòló ṣe: wọ́n á pariwo sí i, òun náà á pariwo padà, “kolokolokolo”. Kì í sú u. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi lẹ́tà T sí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn táàmù, mo sì lọ bẹ ìyá onílé pé kó yá mi ní tòlótòló rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún un. 

“Tíṣà,” ó ní, “ohun tí ajá rí tó fi ń gbó, kò tó èyí tí àgùtàn fi ń ṣèran wò. Mú un lọ. Èmi fúnra mi á wá gbà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá parí. Ìyẹ́ ẹyọ kan ò gbọdọ̀ dín o.”

A gbádùn ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi ṣóńṣó ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín: t, t, t. A fi ìwé ìròyìn ṣe ìrù, a tẹ́ ẹ sẹ́yìn, a ń yan kiri àgbàlá. Wọ́n á pe tòlótòló, á dáhùn, wọ́n á ṣubú lẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo ń wí yìí kò pè é rárá. Àgbàdo ló ń kó sápò wá láti ilé, á lóṣòó tì í, á máa jù ú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ ìparí táàmù, àwọn òbí jókòó sí àgbàlá. Ọ̀gá wa na ọ̀pá sí lẹ́tà T lára pátákó, ó ní kí ọmọ náà pè é. Ọmọ náà wolẹ̀. A dúró títí. “Ó dáa,” ni ọ̀gá wa wí, ó sì pe ẹlòmíì. Ìyá ọmọ náà tẹrí ba.

Ìyá onílé ti dé nígbà náà. Ó lọ tú okùn tòlótòló rẹ̀, ó sì dápàárá bó ṣe máa ń ṣe, “Ọ̀gbẹ́ni, ó yá. Ìkòkò ọbẹ̀ ń dúró dè ọ́.” Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ má pa á.”

A wò yíká. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á.” Ọmọ náà ni. Ohùn rẹ̀ ki ju bí mo ṣe rò lọ. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

“Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́,” ni ọ̀gá wa wí, “àmọ́ kò tíì pe T.”

“Mà,” mo ní, “ẹ̀bẹ̀ ẹ̀mí lọmọ ń bẹ̀, ẹ̀ ń bèèrè T!” Mi ò tiẹ̀ dúró gbọ́ èsì rẹ̀, torí ojú ìyá onílé ni mò ń wò. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ tó ti pa ẹnu mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Tí wọ́n bá sọ fún un pé rárá, ìgbà wo ló tún máa là á? Bẹ́ẹ̀ tòlótòló kì í ṣe tèmi, ìyá onílé sì ti pe àlejò ọdún.

Ìyá onílé lóṣòó síwájú ọmọ náà. “Ta ló ní mo fẹ́ pa á? Mo ń bá a ṣeré ni.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́,” ni ọmọ náà wí.

 “Òótọ́ ni,” ni ìyá onílé wí. “Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.”

Adìẹ ló sè lọ́jọ́ Kérésì. Àwọn àlejò rẹ̀ wo inú abọ́, wọ́n wo ìdí igi máńgòrò. Ó gbé tèmi fún mi, ó ní, “Jẹ adìẹ, tíṣà. Lọ́dún tó ń bọ̀, tó bá kan lẹ́tà A, má gba ọ̀dọ̀ mi kọjá o.”

Ọ̀gá wa ò dárúkọ ibòmíì mọ́. Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kìíní, ọmọ náà kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tó fi wá bá mi. Ìyá rẹ̀ sọ pé àràárọ̀ ló ń bi òun ní ìbéèrè yìí, òun ò sì mọ èsì rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé wọ́n pa á?”

“Wọn ò pa á. Ariwo ẹ̀ ló jí mi láàárọ̀ yìí.”

Ó wo ojú mi dáadáa, bí ẹni tó ń wá irọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn pé kò sí èyí tó máa rí. Ó lọ jókòó. Nígbà tí mo bi kíláàsì pé ta ló rántí T, ohùn tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.