Ojú Ràfátù Lára Pátákó Olóṣèlú

Ẹgbẹ̀fà náírà ni wọ́n ń ta bàtà rọ́bà lọ́jà Ìjerò lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Mo mọ iye rẹ̀ dáadáa, torí pé òwúrọ̀ ni mo ra tuntun, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná ẹsẹ̀ kan ti wà lábẹ́ táyà mọ́tò olóṣèlú. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń sọ pé àwa ìyá yín kò jà fún nǹkan kan rí, ẹ jókòó. Mo jà. Ẹsẹ̀ bàtà kan ni mo sì wọ̀ délé.

Àsìkò ìpolongo ìbò ni. Ọkùnrin kan ti lo ọdún mẹ́rin nílé ìgbìmọ̀, ó tún fẹ́ padà lọ. "Ọmọ wa ni" ni wọ́n kọ sára gbogbo ògiri fún un, ni àwa náà bá sọ ọ́ ní Ọmọ Wa. Nígbà tó kọ́kọ́ wá tọrọ ìbò ní Odò-Ọwá, ó ṣèlérí afárá sórí odò tó wà láàárín ìlú àti oko wa. Ọdún mẹ́rin kọjá, igi ọ̀pẹ méjì tí wọ́n gbé dábùú omi la ṣì ń gbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mò ń tà ní tèmi. Ràfátù, ọ̀rẹ́ mi, ìyá Sìdí, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ó sì ń yan gààrí. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, igi ọ̀pẹ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, omi gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, díẹ̀ ló kù kó gbé òun náà. Bí a ṣe fà á jáde, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Apẹ̀rẹ̀ mi dà?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń sunkún.

Òun ló kó wa jọ. Nígbà tí a gbọ́ pé Ọmọ Wa ń bọ̀, ó ń wọlé, ó ń jáde: "Bó bá dé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọjá." Ewé tútù la já dání. Ewé tútù la fi ń jáde bí inú wa bá dùn, òun náà la fi ń jáde bí inú bá ń bí wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ibẹ̀ la ti ṣìṣe. A gbàgbé pé fótò kò létí.

Mọ́tò wọn dé, a kún ojú títì. Ọmọ Wa sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú àtìlẹ́yìn o."

"Àtìlẹ́yìn wo?" Ràfátù dá a lóhùn. "Afárá dà?"

"Ó ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, màmá."

"Bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ó gba apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́? Tẹ́ ẹ kalẹ̀ ká gorí ẹ̀ kọjá."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, aláìnítìjú. Ràfátù wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pẹ̀lú ewé, ó la ẹnu gbàgà: "Ọlọ́run tó dá odò yẹn á bi ọ́ léèrè!" A ṣe "Àmín!" tó mi ilẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ayàwòrán tó tẹ̀ lé wọn ya tirẹ̀. Dírẹ́bà tẹná, a sá, bàtà mi kò sá.

Kò pẹ́ sígbà náà, pátákó kan dìde létí títì Ìjerò. Ojú Ràfátù ni, ó tóbi tó ilẹ̀kùn: ọwọ́ lókè, ẹnu lílà, ewé lọ́wọ́. Wọ́n lẹ orí Ọmọ Wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú eyín funfun. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Àwọn ìyá Odò-Ọwá ń dúpẹ́.

Èpè wa di ọpẹ́. Ẹ má dá mi lóhùn, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó dọjà, ẹ̀rín tán. "Ìyá Sìdí, èló ni wọ́n fún ọ? Gé tiwa fún wa." "Ṣé a ti fi gààrí sílẹ̀, ìrẹsì olóṣèlú ló kù?" Àwọn tó bá wa ṣe Àmín wà lára wọn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ràfátù kò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwa obìnrin mọ́.

Mo mú un lọ bá ayàwòrán náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ìjerò.

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ohun tí a sọ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo gbọ́, mọ́mì."

"Ẹ wá sọ ọ́ fáyé."

"Mọ́mì, fótò ni mo tà. Mi ò ta ọ̀rọ̀."

Ràfátù ní, "Lóòótọ́. Ojú mi lo tà, o wá fi ohùn mi pamọ́ sápò."

Ayàwòrán ṣe bí ẹni tójú ń tì, ó fi àwòrán náà hàn án lójú kámẹ́rà. Ràfátù, tí kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ya òun rí, wò ó títí. "Áà," ó ní, "mo mà lẹ́wà o." Ó ní kó tẹ ọ̀kan fóun. Ayàwòrán ní àwọn ọ̀gá òun kò gbà.

Ọjọ́ ìbò, a dúró ti àpótí títí wọ́n fi ka gbogbo rẹ̀. Ní ibùdó tiwa, ẹ̀yìn Ọmọ Wa balẹ̀ gbì. Níbi tí wọ́n ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n ní ó wọlé. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra. Ó sáà wọlé.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Ràfátù kú. A sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Sìdí ń wá fótò ìyá rẹ̀ tí yóò lò níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kò rí ẹyọ kan. Mo rántí pátákó. Igi rẹ̀ nìkan ló kù létí títì. Ṣùgbọ́n báńnà olóṣèlú, ọ̀rá tí wọ́n tẹ fótò sí tí wọ́n nà mọ́ igi, kì í ṣòfò lọ́dọ̀ wa: bí ìbò bá ti parí, à ń fi bo ọjà lọ́wọ́ òjò, à ń sá kòkó sí i. Mo ń béèrè kiri títí ẹnì kan fi ní òun rí ojú obìnrin lábẹ́ kòkó ní Ẹ̀rìjìyàn. Mo gun ọ̀kadà lọ.

Mo fi ọwọ́ gbá kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí.

"Ìyá, kí lẹ ń wá nínú kòkó mi?" Bàbá tó ni ín ló sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Èyí tó ń dúpẹ́ yìí?"

"Kò dúpẹ́, bàbá. Ó ń ṣépè ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàbá ní, "Torí àwòrán yìí ni mo ṣe dìbò fún un. Mo ní bó bá ṣe tiwọn tí wọ́n ń yọ̀ báyìí, á ṣe tiwa."

Mo jókòó sórí àpò kòkó rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, kí la jẹ níbẹ̀? A kò jẹ afárá. Igi ọ̀pẹ ni ẹ ṣì ń gbà. A borí Ọmọ Wa níbùdó kan ṣoṣo. Orúkọ rere Ràfátù ni a pàdánù, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn gbogbo ẹni tó bú u, títí kan àwọn tó wá jẹ sàárà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Ẹ ní fóònù lọ́wọ́. Bí ẹ bá ya ìjà yín, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Sìdí gé orí Ọmọ Wa kúrò, ó gé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ dànù, ó gbé ìyá rẹ̀ kọ́ ògiri, kòkó ṣì ń rùn lára rẹ̀. Bàbá Ẹ̀rìjìyàn ní kí n mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́, mo kọ̀. Kòkó rẹ̀ kò lè sùn sílẹ̀ lásán. A ná an bí ará ọjà. Iye tí mo fi ra ojú ọ̀rẹ́ mi padà ni ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀rin náírà.