Kóòtù Tí Ó Ń Dúró De Ìpè Gómìnà

Bí mo bá rí kóòtù funfun tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo máa ń rántí. Láyé àwọn Faransé, ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ní Lomé. Ó wà lára àwọn tó nawọ́ sókè fún òfin tuntun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú sínú ilé mọ́.

Kò pẹ́ sí i, àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Inú àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ni ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

"Olówó orí mi, ẹ̀yin lẹ nawọ́. Ẹ lọ sọ ọwọ́ náà kalẹ̀."

"Gómìnà nìkan ló lè pe ìgbìmọ̀ wa jókòó. Bó bá ti pè, ọwọ́ tó gbé òfin dìde náà ni yóò bì í ṣubú."

Láràárọ̀ ni ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá kóòtù funfun tí ó máa ń wọ̀ lọ sí ìgbìmọ̀, tí yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa wọ̀nà fún ìránṣẹ́ ìjọba.

"Ẹ bá mi kí Gómìnà," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ní n kò lè dúró dè é mọ́."

Itẹ́ òkú ìjọba, lẹ́yìn ìlú, ni wọ́n sin ín sí.

Lẹ́yìn ìgbà òjò ni ìpè Gómìnà dé. Ó wọ kóòtù rẹ̀ lọ, wọ́n sì pa òfin náà rẹ́. Nígbà tí ó padà dé àgbàlá, kò wọlé. Ó lọ dúró níbi sàréè ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ti gbà fún wa," ó sọ fún un. "Ìyá rẹ ni kò sí nílé."